Àgbàdo Tó Ti Bu, Iná Kò Lè Tún Un Ṣe

Òjò òru kan wọ ilé ìyá tó ń ta ògì fún wa ládùúgbò. Àpò àgbàdo mẹ́ta ni wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àgbàrá gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó sì mu ìsàlẹ̀ gbogbo wọn. Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn òjò náà ni mo yà kí ìyá náà, mo sì bá wọn níbi tí wọ́n ti tú àpò kan sórí tapólì lójú oòrùn. Mo ki ọwọ́ bọ àárín òkìtì àgbàdo yẹn, ó gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe. Hóró rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra ní ìdì ìdì. Nǹkan funfun bí òwú wà láàárín wọn, ibì kan ti di àwọ̀ ewé, ibì kan ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Òórùn rẹ̀ kò burú tó bí mo ṣe rò; bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ló ṣe ń rùn.

Mo ní, “Ẹ kú ewu òjò, Ìyá. Kí lẹ fẹ́ fi eléyìí ṣe?”

Wọ́n ní, “Ọmọ mi, màá fọ̀ ọ́, màá sá a, màá sì lọ̀ ọ́. Ṣebí ògì ni? Orí iná ló ń lọ. Kí ló tún máa kù nínú rẹ̀ tó bá ti hó?”

Ìbéèrè Ìyá yìí ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí bí wọ́n ṣe rò ó ni ọ̀pọ̀ wa ṣe ń rò ó: pé ohunkóhun tó bá ti rí iná, ó ti mọ́. Òótọ́ ni pé iná ń pa kòkòrò àìfojúrí. Ṣùgbọ́n májèlé tí kòkòrò náà ti ṣe sílẹ̀ kí iná tó dé, àwọn kan wà nínú rẹ̀ tí iná ilé ìdáná kò lè rí nǹkan kan ṣe sí. Ọ̀kan nínú wọn ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà rí.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015, wọ́n ń sìnkú ní ìlú Chitima, ní ìpínlẹ̀ Tete lórílẹ̀-èdè Mòsáńbíìkì. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń fi ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ṣe àlejò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ń fi ọtí àgbàdo tí wọ́n ń pè ní pombe ṣe é. Ìròyìn tó kọ́kọ́ jáde ni pé àwọn tó mu nínú rẹ̀ láàárọ̀ kò rí ìjàǹbá, pé àwọn tó mu ún lẹ́yìn tí wọ́n ti itẹ́ òkú dé ló bẹ̀rẹ̀ sí í di inú mú. Kí ọ̀rọ̀ náà tó rọlẹ̀, èèyàn 234 ló ti kó sínú àìsàn, 75 nínú wọn sì kú. Obìnrin tó pọn ọtí náà wà lára àwọn òkú.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ sọ. Wọ́n ní ẹnìkan ló fi nǹkan sí i. Wọ́n ní òróòro ọ̀nì ni, pé nígbà tí àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ wà ní itẹ́ òkú ni ìkà kan dà á sínú ọtí. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ nílé òkú tiwa, ṣé ohun mìíràn ni a ó sọ? Kí ọdún náà tó parí, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà sọ òtítọ́ ibẹ̀. Kò sí òróòro ọ̀nì níbẹ̀, kò sì sí ìkà. Ìyẹ̀fun àgbàdo tí omíyalé ti bàjẹ́ ni wọ́n fi pọn ọtí náà. Nínú ìyẹ̀fun yìí, wọ́n bá bakitéríà kan tó ń jẹ́ Burkholderia gladioli, wọ́n bá èébu kan tó ń jẹ́ Rhizopus oryzae lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì bá májèlé tí bakitéríà náà ń ṣe nínú ọtí. Bongkrekic acid ni orúkọ májèlé ọ̀hún.

Kí ni bakitéríà yìí ń wá nínú àgbàdo? Ìtàn rẹ̀ gùn, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n, torí òun ni yóò jẹ́ kí a mọ ìdí tí kò fi yẹ ká máa fojú di oúnjẹ tó bu.

Ara òdòdó ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀. Gladiolus ni wọ́n ń pe òdòdó náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti fún bakitéríà yìí ní orúkọ, nítorí ó ń mú òdòdó náà rà. Ìran rẹ̀ kan wà tó jẹ́ pé àlùbọ́sà ló ń bà jẹ́: àlùbọ́sà á dára lójú, ẹ ó gé e, ẹ ó bá ìpele kan nínú rẹ̀ tó ti rọ̀ tó ń yọ̀. Ìran mìíràn wà tó jẹ́ pé olu ni oúnjẹ rẹ̀. Tó bá bà lé olu, olu náà á rà di omi. Ìran kan tún wà tó bá kòkòrò kan mulẹ̀, kòkòrò kékeré kan tí èèpo líle bo ìyẹ́ rẹ̀, Lagria villosa, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tó ti dé Bràsíìlì. Bí abo kòkòrò yìí bá ń yé, á fi bakitéríà náà ra ẹyin lára, kí èébu inú ilẹ̀ má bàa jẹ ẹyin ọ̀hún. Àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì ló tú àṣírí yìí síta ní ọdún 2017. Ohun tó yani lẹ́nu jù nínú rẹ̀ ni pé ọ̀tá ewéko ló di ẹ̀ṣọ́ ẹyin yìí, kò sì tíì gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, torí ó ṣì lè ba sóyà jẹ́.

Báwo ni ẹ̀dá kan ṣe ń ya ọ̀nà púpọ̀ báyìí? Bakitéríà kì í pẹ́ bí. Àwọn kan nínú wọn lè pín sí méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú, kí ilẹ̀ sì tó mọ́, wọ́n á ti di àìmọye. Nígbàkígbà tí wọ́n bá pín, àṣìṣe kékeré lè wọ inú àbùdá tí wọ́n ń jogún. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kò wúlò fún nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lè jẹ́ kí ọmọ rí jẹ níbi tí òbí rẹ̀ kò ti rí jẹ. Wọn kì í sì í dúró de ogún nìkan. Wọ́n máa ń gba àbùdá lọ́wọ́ ara wọn láìjẹ́ pé wọ́n bí ara wọn, bí aládùúgbò ṣe ń yá ara wọn ní àdá. Báyìí ni ìran kan ṣe ń ní májèlé tí ìran kejì kò ní, bẹ́ẹ̀ ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Wọn kò sì ṣe májèlé náà nítorí tiwa. Níbikíbi tí oúnjẹ bá ti tutù tó lọ́wọ́ọ́rọ́, èébu ń du ú, bakitéríà náà ń du ú, oníkálukú sì ní ohun ìjà tirẹ̀. Nínú ogun yìí kan náà ni oògùn penicillin ti jáde. Ohun ìjà èébu ni í ṣe, òun ni Alexander Fleming kíyè sí ní London ní ọdún 1928, nígbà tó rí i pé bakitéríà kò lè hù lẹ́bàá èébu tó bà sínú àwo rẹ̀. Àwa kàn wà láàárín àwọn méjèèjì ni. Ohun ìjà kan wò wá sàn, òmíràn pa wá.

Nígbà mìíràn, àwọn ọ̀tá méjèèjì á mulẹ̀. Àìsàn kan wà tó ń pa ìrẹsì nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbà pé èébu Rhizopus ló ń ṣe májèlé tó ń pa á. Ní ọdún 2005, Laila Partida-Martinez àti Christian Hertweck ní ìlú Jena, ní Jámánì, fi hàn pé kì í ṣe èébu ló ń ṣe é. Bakitéríà kan ló ń gbé inú ara èébu náà gan-an, òun ló ń ṣe májèlé. Tí wọ́n bá sì yọ bakitéríà yìí kúrò, èébu náà kò lè bí sí i mọ́ bó ṣe yẹ. Àwọn àgbà ní inú obì ni kòkòrò tó ń jẹ obì ń gbé. Ti èyí kọjá bẹ́ẹ̀: kòkòrò inú obì náà kò jẹ obì, ṣe ni wọ́n jọ ń ṣọdẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí Indonéṣíà, níbi tí májèlé Chitima yìí ti gba orúkọ. Láàárín gbùngbùn erékùṣù Java, èèrí àgbọn, ìyẹn àgbọn rírin tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ tán, ni àwọn tálákà fi ń ṣe oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní tempe bongkrek. Wọ́n á fi èébu Rhizopus tí kì í pani sí i, èébu náà á hù yí i ká, á so ó pọ̀ di odindi kan funfun báláú, wọ́n á gé e, wọ́n á dín in. Bí èébu tí wọ́n fi sí i bá pọ̀, tó tètè gbilẹ̀, bakitéríà kì í rí àyè. Bó bá kéré, bakitéríà á ṣíwájú rẹ̀, májèlé á sì ti wà nínú oúnjẹ kí ìyàwó ilé tó mọ̀. Láti 1895 ni àkọsílẹ̀ irú ikú yìí ti wà níbẹ̀. Láàárín 1951 sí 1975, bí èèyàn 34 ló ń bá a lọ lọ́dọọdún. Ní ọdún 1988, ìjọba wọn fòfin de oúnjẹ náà.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan níbí. Ìdílé èébu kan náà, Rhizopus, tó ń lé bakitéríà yìí sá ní Java nígbà tó bá pọ̀, òun ni wọ́n bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ìyẹ̀fun Mòsáńbíìkì. Nígbà tí wọ́n sì gbin bakitéríà náà pọ̀ mọ́ Rhizopus oryzae nínú yàrá àyẹ̀wò, májèlé tó ṣe ju èyí tó ń ṣe nígbà tó dá wà lọ fíìfíì. Èébu lè jẹ́ odi, ó sì lè jẹ́ ìtanijí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé kò sí ojú tó lè wo èébu ara àgbàdo kó ní, “Eléyìí kò léwu.”

Ẹ tún gbọ́ ti Ṣáínà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nílùú Jixi, ẹbí kan kóra jọ, wọ́n sì jẹ oúnjẹ kan tí wọ́n fi àgbàdo kíkan ṣe, tó ti wà nínú fìríìsà fún bí ọdún kan. Èèyàn mẹ́sàn-án ló jẹ ẹ́. Gbogbo àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló kú. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tó wà níbẹ̀ kò fẹ́ràn bó ṣe ń ṣe lẹ́nu, wọn kò jẹ ẹ́, wọ́n sì yè. Wọ́n gbé oúnjẹ yẹn kaná kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Iná kò rí májèlé rẹ̀ ṣe, òtútù fìríìsà kò sì rí i ṣe. Lórílẹ̀-èdè yẹn kan náà, olu gbígbẹ tí wọ́n rẹ sómi tí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ sínú ooru ti pa èèyàn pẹ̀lú. Ní 2024, nílùú Taipei ní Táíwàn, oúnjẹ tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe ló gbé májèlé náà dé.

Májèlé yìí kò ní òórùn. Ẹnu kò lè tọ́ ọ wò kó mọ̀ ọ́n. Míligírámù kan sí kan ààbọ̀ ti tó láti pa àgbàlagbà, bí hóró ṣúgà méjì tàbí mẹ́ta lásán. Nínú ara wa lọ́hùn-ún, àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké wà tó ń sọ oúnjẹ di agbára. Ẹnu ọ̀nà tí agbára náà ń gbà jáde ni májèlé yìí ń tì pa, ebi agbára á wá máa pa ẹ̀dọ̀, ọpọlọ àti ọkàn bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ń bẹ nínú ara. Láàárín wákàtí kan sí mẹ́wàá lẹ́yìn oúnjẹ, inú á máa run èèyàn, á máa bì, òòyì á máa kọ́ ọ, á làágùn, á rẹ̀ ẹ́ títí dórí oorun tí wọn kò lè jí i mọ́. Kò sí oògùn apa-májèlé fún un. Ohun tí dókítà lè ṣe ni kó gbé ara ró títí ara á fi borí, ẹni tó bá sì tètè dé ọ̀dọ̀ dókítà ló ní ìrètí.

Ṣé kí a wá sá fún ògì ni? Rárá o. Mo mu ògì láàárọ̀ òní. Ògì tí a fi àgbàdo tó dá ṣe ní aláàbò tirẹ̀. Bí a bá rẹ àgbàdo náà, àwọn bakitéríà mìíràn, àwọn tó ń sọ nǹkan di kíkan, ló máa ń tètè gba ìkòkò. Kíkan tí a ń mọ̀ lẹ́nu nínú omidùn ni odi tí wọ́n mọ yí i ká, nítorí Burkholderia gladioli kì í lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ níbi tó bá kan dáadáa, iyọ̀ púpọ̀ náà kì í sì í bá a lára mu. Ibi tí kò kan, tó lọ́wọ́ọ́rọ́ níwọ̀n 22 sí 33 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí òróró àgbàdo tàbí ti àgbọn sì wà níbẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń gbádùn ara rẹ̀. Ẹ wo inú yàrá tí a ń kó oúnjẹ sí lásìkò òjò, ìwọ̀n ooru rẹ̀ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n aláàbò inú ìkòkò kò lè lé olè tó ti jalè tán kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́. Àgbàdo tó ti bu kó tó rí omi ògì, kíkan kò lè fọ ohun tó ti wọ̀ ọ́ lára.

Májèlé bakitéríà nìkan kọ́ ló sì wà níbẹ̀. Èébu mìíràn, Aspergillus flavus, ń ṣe aflatoxin sínú àgbàdo àti ẹ̀pà. Ní Kenya lọ́dún 2004, àgbàdo tó bu ló kó èèyàn 317 sínú àìsàn, 125 sì kú. Èyí tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Àwọn onímọ̀ IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, kò jókòó lásán lórí èyí: wọ́n ṣe Aflasafe, ìyẹn ìran èébu kan náà tí kì í ṣe májèlé, tí àgbẹ̀ ń fọ́n sóko kó lè gba àyè mọ́ èyí tó burú lọ́wọ́. Ẹni tó ń dáko àgbàdo, ó yẹ kó béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n oko ni iṣẹ́ Aflasafe mọ. Àpò tí àgbàrá bá nínú ilé, ọwọ́ wa ló kù sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá ológì, ẹ̀yin alásè, ẹ̀yin tó ń pọn ọtí àgbàdo àti ọtí bàbà, ẹ gbọ́. Ìyẹ̀fun tó bá ti rin, tó di kókó, tó sì bu, ẹ má jọ̀ ọ́ kí ẹ kó èyí tó dára lójú níbẹ̀. Májèlé kì í dúró sínú kókó nìkan. Àgbàdo tó gbóná nínú àpò tó sì lẹ̀ mọ́ra, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má sá a, ẹ má fi ṣe ọtí, ẹ má sì tà á lówó pọ́ọ́kú fún ẹni tí kò mọ ibi tó ti ń bọ̀. Ẹ má dà á fún adìẹ tàbí ẹlẹ́dẹ̀. Ohun tó ń pa wá ń pa àwọn náà. Ilẹ̀ ni kí ẹ gbẹ́, kí ẹ rì í mọ́ ọn. Kí ẹ tó kó àgbàdo sílé, ẹ fi eyín fọ́ hóró kan: bí kò bá dún kó, kò tíì gbẹ. Ẹ tò ó sórí pákó, kó má fara kan ilẹ̀, kó má sì fara kan ògiri. Àgbọn rírin tó ṣẹ́kù, ẹ lò ó lọ́jọ́ náà, tàbí kí ẹ gbé e sínú fìríìjì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì lórí tábìlì. Olu gbígbẹ tí ẹ rẹ, wákàtí díẹ̀ ni kó lò nínú omi. Ògì tó bá kọ̀ tí kò kan lẹ́yìn ọjọ́ tó yẹ kó kan, tó wá ń yọ̀ lọ́wọ́, ẹ dà á nù láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta tó jọ jẹun bá ń bì, tí inú ń run wọ́n, ẹ má fi epo pupa dá wọn dúró nílé, ẹ má sì jókòó máa wádìí ẹni tó ṣe wọ́n. Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ bu díẹ̀ nínú oúnjẹ náà dání, kí dókítà lè mọ ohun tó ń bá jà. Àwọn tó jẹ nínú rẹ̀ tí nǹkan kan kò tíì ṣe, kí àwọn náà bá yín lọ.

Ìyá kò kọ́kọ́ gbà fún mi. Wọ́n ní, “Àpò mẹ́ta, ọmọ mi. Ta ló máa san owó mi?” Mi ò rí èsì fọ̀. Ìgbà tí mo sọ fún wọn pé obìnrin tó pọn ọtí Chitima wà lára àwọn tó kú ni wọ́n dákẹ́. Wọ́n wo òkìtì àgbàdo náà fún ìgbà pípẹ́. Nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọkùnrin àdúgbò bá wọn gbẹ́ kòtò lẹ́yìn ilé. Àwa tí a ń ra ògì lọ́wọ́ wọn dáwó, ó tó àpò kan ààbọ̀.

Owó àpò kan ààbọ̀ tó kù ṣì wà lọ́rùn wọn títí di òní. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ oúnjẹ jẹun kì í fẹ́ pa wá. Àdánù ni kò lè dá gbé. Ẹ jọ̀wọ́, bí òjò bá wọ ilé ẹni tó ń ta oúnjẹ fún yín lọ́dún yìí, ẹ lọ kí i, ẹ ki ọwọ́ bọ inú àpò rẹ̀, bó bá sì ti bu, ẹ dáwó fún un kó lè rí i dà nù.